Bí Imú Mi Ṣe Di Èyí Tí Ẹ Ń Wò Yìí

Ẹ wọlé, ẹ wọlé! Ẹ má dúró sínú òjò bí pẹ́pẹ́yẹ. Ilé ọdẹ kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí inú bá gbà wá, àyè á gbà wá. Ẹ gbé agbọ̀n yẹn kúrò kí ìyá yìí ríbi jókòó. Ó dára. Níwọ̀n ìgbà tí òjò ti há yín mọ́ mi lọ́wọ́, tèmi ni yín títí yóò fi dá. Èmi Ọdẹ́dòkun kì í rí etí méjì kí n jẹ́ kó kọjá lásán, áńbọ̀sì etí ogójì.

Ta ló rẹ́rìn-ín yẹn? Mo gbọ́ ọ. Ìwọ ìyàwó tó ró àdìrẹ yẹn, imú mi lò ń wò. Má sẹ́! Láti ìgbà tó o ti wọlé ni ojú rẹ ti ń gun imú mi bí ẹni ń gun òkè.

“Ẹ má bínú, bàbá,” ló wí, ó ń fi ìborùn bo ẹnu. “Mo kàn ń rò ó ni, pé ṣé bí wọ́n ṣe bí yín nìyẹn.”

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀! Rárá o, ìyàwó. Imú tí wọ́n bí mi mọ́ kéré, ó rẹwà, ó jókòó jẹ́ẹ́ sáàárín ojú mi bí ìyàwó tuntun. Ìrìn-àjò kan ni mo lọ tí mo sọ ọ́ nù, èyí ni mo sì bọ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ fà mọ́ra, kí n sọ bó ṣe jẹ́.

Ní Ìtọ́pa, ìlú tèmi, ọdẹ kì í fi ẹnu ara rẹ̀ ròyìn ara rẹ̀. Bó o pa erin, bó o pa ẹ̀lírí, ẹnu odi ni wàá dúró sí, wàá pa ẹnu mọ́, wàá máa wolẹ̀, títí agbẹnusọ rẹ yóò fi jáde wá. Ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ ni agbẹnusọ rẹ, ìwọ náà sì ni tirẹ̀. Òun ni yóò gun àpáta ẹnu odi, tí yóò sọ ohun tó o pa fún ìlú, àti irú ènìyàn tó o jẹ́ tó o fi lè pa á. Ohun tó bá sọ ni ìlú mọ̀ ọ́ sí. Àwọn àgbà tó dá àṣà náà sílẹ̀ máa ń sọ pé ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í bá ni rí tẹni.

Láníhún ni agbẹnusọ tèmi. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n fún wa níbọn. Háà! Ẹ ò bá gbọ́ ẹnu mi nígbà náà! Bí Láníhún bá pa òkété kan ṣoṣo, màá gun àpáta, màá ní: “Ẹ̀yin ará Ìtọ́pa, ẹ jáde! Láníhún dé, akọ igi tí ẹ̀fúùfù ń kí kó tó kọjá! Ó wọgbó, igbó dìde fún un. Ó wo òkété lójú, òkété dágbére fún àwọn ọmọ rẹ̀, ó dùbúlẹ̀ wọ̀ọ̀!” Àwọn obìnrin á hó, àwọn àgbà á mi orí, ẹni tí kò rí òkété náà á rò pé àmọ̀tẹ́kùn ni.

Ó wá kan tèmi. Mo pa ẹfọ̀n lọ́jọ́ kan, ẹfọ̀n tó lé mi yí igi ká nígbà mẹ́fà, tó fi ìwo ya ẹsẹ̀ ṣòkòtò mi kan láti òkè délẹ̀. Láníhún jáde. Ó họ orí. Ó wúkọ́. Ó ní, “Ẹ kú ilé o. Ọdẹ́dòkun pa ẹfọ̀n. Ẹfọ̀n náà tóbi.” Ó tán! Ó ti sọ̀ kalẹ̀, ó ń lọ jẹun.

Ọdún méjìlélógún la fi ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, Láníhún di Láníhún, èmi sì di ọ̀rẹ́ Láníhún.

Ẹ̀gún ọ̀rọ̀ náà kò tíì gún mi dé eegun títí di ọdún tí Olúọ́dẹ wa dùbúlẹ̀ àìsàn, tí ìlú bẹ̀rẹ̀ sí wò yíká fún ẹni tí yóò gba ipò rẹ̀. Mo bi Ìbídùnní ìyàwó mi pé ta ló rò pé ó tọ́ sí. Ó ń gúnyán lọ́wọ́, kò tilẹ̀ dá ọmọ odó dúró.

“Ta ni ì bá tún jẹ́, bí kò ṣe akọ igi tí ẹ̀fúùfù ń kí kó tó kọjá?”

Gbólóhùn mi! Mo ní, “Ìbídùnní, èmi ni mo dá gbólóhùn yẹn.”

“Mo mọ̀, olówó orí mi. Ẹnu yín dùn. Àmọ́ ẹni tí ẹnu náà ń sọ la ń wí.”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, owú wọ̀ mí lára bí ìjàlọ ti ń wọ ẹran òkú. Mo fi ẹnu mi kọ́lé fún ènìyàn, mo wá ń nàgà wo bí òrùlé rẹ̀ ṣe ga ju tèmi lọ. Bí Láníhún bá rẹ́rìn-ín, èmi ló ń rín. Bí kò bá rín, ó ń gbéraga. Ó ra fìlà tuntun kan, fìlà ńlá, ẹnu ọ̀nà mi ló gbé e wá. “Ọdẹ́dòkun, ṣó yẹ mí?” Mo ní ó yẹ ẹ́. N kò jẹun lọ́jọ́ náà.

Mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn ọdẹ àtijọ́ pé àgbàlá kan ń bẹ lẹ́yìn Igbó Olójú, tí ère gbogbo wa wà níbẹ̀, bí ojú ẹlòmíràn ti rí wa. Ẹni tí wọ́n bá fọ́ ère rẹ̀, tirẹ̀ bà jẹ́: á máa rìn láàárín ìlú, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀ ọ́n mọ́, ìyá tó bí i á bi í pé ta lò ń wá. Mo kó ẹ̀tù, mo gbé ìbọn. Mo sọ fún Ìbídùnní pé ìgalà ni mò ń lọ pa. Ère Láníhún ni mò ń lọ fọ́.

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀! Ẹni tí kò jowú rí nínú yín, kó jáde sínú òjò.

Mo rò bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó dìde.

Iwin kan ló ń ṣọ́ ẹnu Igbó Olójú. Ojú mẹ́rìndínlógún ló wà lára rẹ̀: mẹ́ta níwájú orí, méjì léjìká, ọ̀kan ní orúnkún kọ̀ọ̀kan, ìyókù n kò ní dárúkọ ibi tí wọ́n wà nítorí àwọn ìyá tó jókòó yìí. Ó fi gbogbo wọn wò mí lẹ́ẹ̀kan náà, ara mi rin bí ẹni tí èèrùn ń gùn.

Ó ní, “Ọmọ ènìyàn, kí ni nǹkan tó o rù láti ilé dé ibí, tí gbogbo ẹni tó tẹ̀lé ọ ń rí, tí ìwọ kò rí rí? Bó o bá mọ̀ ọ́n, kọjá. Bó ò bá mọ̀ ọ́n, wàá gba ìgbájú.”

Mo ní, “Ìyẹn kò le! Ọlá mi tí Láníhún gbà lọ ni!”

Gbàà! Mo rí ìràwọ̀ lọ́sàn-án gangan.

Mo tún un rò. “Ìwà ìkà tí Láníhún ń hù sí mi ni!”

Gbàà! Etí kejì gba tirẹ̀.

Mo gbẹ́nu sókè láti dárúkọ Láníhún lẹ́ẹ̀kẹta, bí eṣinṣin igbó kan ṣe bà lé mi lẹ́yìn ọrùn nìyẹn, ó sì gé mi jẹ. Mo fọwọ́ lu ìpàkọ́ mi, pàà! Iwin náà fò sókè, ojú mẹ́rìndínlógún ń da omi ayọ̀. “Ìpàkọ́! Ó mọ̀ ọ́n! Ọlọ́gbọ́n dé! Kọjá, bàbá mi, kọjá!”

Òwe tí mo fi ń la ẹnu nílé ni, n kò rántí rẹ̀. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni pé eṣinṣin ló ràn mí lọ́wọ́.

Mo jáde nínú igbó náà sí ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Bóo-ti-wò-mí. Níbẹ̀, ohun tí wọ́n bá wò ọ́ sí ni ara rẹ á máa ṣe. Obìnrin kan tó ń sun àgbàdo wò mí, ó ní, “Olè rèé!” Kí n tó wí nǹkan, ọwọ́ mi ti mú àgbàdo mẹ́ta. Bàbá kan wò mí, ó ní, “Ọkọ ọmọ mi dé!” Àyà mi ti dé ilẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja tòun tìbọn. Ìyá arúgbó kan tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì wò mí títí, ó ní, “Ìyá ìkókó, ẹ kú ewu o. Akọ ni àbí abo?” Ẹ̀yin ará, mo gbé ìbọn mi mọ́ra, mo bẹ̀rẹ̀ sí rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún! Mo ní, “Abo ni, mà.” Ibi tí mo ti rí abo, n kò mọ̀.

Mo ń rẹ ọmọ lọ́wọ́ nígbà tí ọkùnrin kan gun ẹṣin kọjá. Ẹṣin náà rù, ìhà rẹ̀ ṣeé kà. Síbẹ̀, owú sọ̀rọ̀ nínú mi: wò ó, irú eléyìí ní ẹṣin, èmi ọmọlúwàbí ń fẹsẹ̀ rìn. Kí n tó ṣẹ́jú, ẹṣin ti sanra, gàárì rẹ̀ ń dán. Ọkùnrin náà wo ẹṣin, ó wò mí, ó bọ́ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún wò mí bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.”

Kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀, ìlú ti tò síwájú mi.

“Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ jowú mi díẹ̀.”

“Ilé mi ni kẹ́ ẹ jowú o, ẹ má wo ìyàwó mi rárá!”

“Kúrò níwájú mi níbẹ̀, wọ́n ti jowú ìwọ tán! Ojúkòkòrò!”

“Bàbá, èyí kò dùn. Ẹ jowú mi tinútinú.”

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jowú wọn láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. N kò sinmi, iṣẹ́ mi ni, mo mọ̀ ọ́n ṣe. Lọ́jọ́ kẹrin, kò sí òtòṣì kankan mọ́ ní Bóo-ti-wò-mí. Gbogbo wọn ń wọ sányán, èmi sì jókòó lórí òkúta pẹ̀lú ṣòkòtò tí ẹfọ̀n ya. Ẹni tó gbọ́n ì bá ti mọ ibi tọ́rọ̀ ń lọ. Èmi kò mọ̀. Sányán wọn ni mò ń wò.

Wọ́n fẹ́ san án fún mi. Mo ní kí wọ́n fi àgbàlá ère hàn mí. Ẹlẹ́ṣin yẹn ló mú mi débẹ̀.

Ìyá arúgbó kan ló ń gbá àgbàlá náà. Èérún igi ló ń gbá, kò sì sí gbẹ́nàgbẹ́nà kankan níbẹ̀. Ó ní, “Ojú ẹni tó sún mọ́ ọ jù ló ń gbẹ́ ère rẹ níbí, ojoojúmọ́. Òun ni èérún kì í fi í tán. Ọdẹ, bó o bá fẹ́ yìnbọn, kọ́kọ́ béèrè orúkọ lọ́wọ́ mi. Mo mọ gbogbo wọn.”

Mo ní, “Ìyá, ẹni tó mọ ọ̀tá rẹ̀, kí ló tún ń béèrè orúkọ fún?”

Mo dé ìlà àwọn ará Ìtọ́pa. Ère méjì dúró níwájú. Ọ̀kan kéré, ó ká kò, ó ń rín ẹ̀rín ẹ̀tàn, fìlà orí rẹ̀ tóbi ju orí lọ, ó sì fi ọwọ́ kan pamọ́ sẹ́yìn bí ẹni tó jí nǹkan. Mo ní, ‘Àbí ẹ ò rí ayé! Bí wọ́n ṣe ń wo èmi Ọdẹ́dòkun nìyí.’

Èkejì wá ń kọ́! Ó ga bí ìrókò. Àyà rẹ̀ fẹ̀. Ojú rẹ̀ ń dán bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí ọ̀rọ̀ dídùn kan, ẹnu rẹ̀ sì là díẹ̀, bíi pé bó bá sọ ọ́, ara gbogbo ayé yóò yá. Imú kékeré, tó jókòó jẹ́ẹ́. Ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ kan ya láti òkè délẹ̀, yíya náà tún yẹ ẹ́! Mo ní, ‘Láníhún! Àkísà pàápàá tún ń yẹ ọ́!’ N kò jowú tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Omi bọ́ lójú mi. Mo gbé ìbọn, mo yìn ín.

Ère náà wó lulẹ̀, ó fọ́ wẹ́wẹ́. Ìyá arúgbó dá ìgbálẹ̀ dúró.

“Ta lo yìnbọn lù yẹn?”

“Láníhún.”

“Láníhún ni kékeré onífìlà yìí. Ojú ìwọ ló gbẹ́ ẹ, ọdún méjìlélógún. Èyí tó o fọ́ yẹn, Ọdẹ́dòkun ni wọ́n ń pè é. Láníhún ló gbẹ́ ẹ.”

Mo fọwọ́ kan ojú mi. Ó jọ̀lọ̀ bí ìdí ìkòkò. Ihò kéékèèké tí mo fi ń ríran, tí mo fi ń mí, tí mo fi ń sọ̀rọ̀, ló kù. Mo dùbúlẹ̀ sórí èérún igi, mo ké bí ewúrẹ́.

“Ìyá, ẹ bá mi tò ó padà!”

“Ọwọ́ mi kọ́ ló gbẹ́ ẹ. Padà sílé. Bí Láníhún bá rí ọ, kò ní mọ̀ ọ́. Àmọ́ bó bá lè rántí rẹ níwájú rẹ, ohun tó bá fi ẹnu sọ á máa padà sí ọ lára. Ìwọ má jẹ́wọ́ pé ìwọ ni. Ibi tó bá dé nígbà tó o bá sọ ọ́, ibẹ̀ ni yóò dúró títí ayé.”

Mo padà délé. Ajá mi gbó mi. Ìbídùnní jáde, ó kúnlẹ̀, ó gbé omi fún mi. “Ẹ kú àbọ̀, àlejò. Baálé ilé kò sí nílé. Ó ti pẹ́ tó wọgbó, ojoojúmọ́ ni mò ń gúnyán tirẹ̀ sílẹ̀.” Mo mu omi nínú ilé mi bí àlejò. Ẹ wá wo nǹkan: mo bẹ̀rẹ̀ sí jowú! Ta ni baálé ilé tí wọ́n ń gúnyán dè lójoojúmọ́ báyìí? Owú ara mi ni mò ń jẹ.

Mo lọ sí ẹnu odi. Láníhún rèé lórí àpáta agbẹnusọ, ó fi ọwọ́ lẹ́rán, fìlà rẹ̀ wà lórí itan.

“Àlejò, ẹ kú ìrìn o. Ẹ ò rí ọkùnrin kan lọ́nà igbó? Ọjọ́ kejìdínlógún rèé tí mo ti ń dúró. Bó bá dé tí kò bá mi níbí, ta ni yóò sọ pé ó dé?”

Mo ní, “Irú ọkùnrin wo ni?”

Ó họ orí. Ó wúkọ́. Mo mọ ikọ́ yẹn. “Ó... ó ga díẹ̀,” ló wí, ó tún họ orí. Ẹ̀yin ará, wọ́n gbé ẹ̀mí mi lé ẹnu ẹni tó wo ẹfọ̀n tó ní ó tóbi!

Mo ní, “Ẹ tún rò ó, ẹ jọ̀ọ́.”

“Èmi ò mọ̀rọ̀ọ́ sọ. Òun ló mọ̀ ọ́n sọ. Bó bá fẹ́ pa irọ́ tó dùn, á kọ́kọ́ fún ojú òsì pọ̀, báyìí.” Ojú òsì mi bẹ̀rẹ̀ sí yún mi, ìpéǹpéjú hù, ti ọ̀tún náà tẹ̀lé e. “Eyín iwájú rẹ̀ ní àlàfo. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ń gbà jáde.” Ahọ́n mi kan àlàfo náà. “Etí rẹ̀ tóbi, àmọ́ tirẹ̀ nìkan ló ń fi gbọ́.” Etí mi méjèèjì jáde, pà, pà! “Ó sì ń jowú mi.”

Mo jókòó sílẹ̀. “Ẹ... ẹ mọ̀?”

“Gbogbo ìlú mọ̀. Ewúrẹ́ Ìtọ́pa mọ̀. Bó bá ń jowú ni ẹnu rẹ̀ máa ń dùn jù. Kí lẹ rò pé mo fi ra fìlà yìí fún? Kò tilẹ̀ wọ̀ mí.” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà sì kú. “Èmi náà ń jowú rẹ̀, àlejò. Bí mo bá gun àpáta yìí láti sọ̀rọ̀ rẹ̀, ohun tí mo rí máa ń pọ̀ ju ẹnu mi lọ. Màá ní ‘Ó pa ẹfọ̀n,’ ẹnu mi á gan. Màá wá sá lọ jẹun, kí wọ́n má baà rí omi lójú mi. Ẹni tó bá lè sọ ọ́ bó ṣe tọ́ sí i, òun fúnra rẹ̀ nìkan ni, àṣà kò sì gbà á láyè.”

Ṣé ẹ rí i, n kò mọ ohun tó ṣe mí. Mo ti mọ̀ pé èmi ni, síbẹ̀ owú ọkùnrin tó ń sọ yẹn tún mú mi. Mo ní, “Irọ́ lẹ̀ ń pa. Kò sẹ́ni tó dára tó bẹ́ẹ̀.”

“N kò purọ́!” Inú bí i, ó sì sáré hùmọ̀ àbùkù kan kí n lè gbà á gbọ́. “Ó ní àbùkù tirẹ̀. Imú rẹ̀! Imú rẹ̀ tóbi gọ̀gọ̀rọ̀, bó bá ń bọ̀ wálé, imú á ti jókòó jẹun tán kí òun tó wọlé! Ṣùgbọ́n...”

“Irọ́ ńlá!” Mo fò sókè. “Imú mi kò tóbi!”

Láníhún wò mí. Fìlà bọ́ sílẹ̀. “Ọdẹ́dòkun?”

Ó ti bọ́. Imú ti jáde, gbọ̀n-ọ́n, òun sì nìyí. Kékeré tó jókòó jẹ́ẹ́, ó dìgbóṣe.

Láníhún gun àpáta. Mo dúró sí ẹnu odi, mo pa ẹnu mọ́, mo ń wolẹ̀, bí àṣà. Ìlú jáde. Ìbídùnní mú ọmọ odó dání. Láníhún họ orí. Ó wúkọ́. Ó ní, “Ẹ kú ilé o. Ọdẹ́dòkun dé. Kò pa nǹkan kan. Ó dé.”

Ó tán. Lọ́jọ́ yẹn, n kò rí àbùkù kankan nínú rẹ̀.

Olúọ́dẹ tí à ń retí ikú rẹ̀? Ó dìde lọ́sẹ̀ kejì, ó lo ọdún mọ́kànlá sí i, kò fún èmi àti Láníhún ní nǹkan kan. Láníhún ló kọ́kọ́ lọ nínú àwa méjèèjì. Ìlú jókòó, wọ́n ń retí ẹnu mi. Mo gun àpáta. Mo wo ohun tí mo ní láti sọ, ó pọ̀ ju ẹnu lọ. Mo họ orí, mo wúkọ́. Mo ní, “Ẹ kú ilé o. Láníhún lọ. Ó tóbi.” Mo sọ̀ kalẹ̀, mo lọ sílé. Fìlà rẹ̀ ni mo dé yìí. Kò wọ èmi náà.

Mo bi Láníhún léèrè rí kó tó lọ, pé lẹ́yìn ‘ṣùgbọ́n’ tó sọ lọ́jọ́ náà, kí ló kù? Ó ní òun fẹ́ sọ pé ṣùgbọ́n ó yẹ ẹ́ ni.

Òjò ti dá. Ẹ gbé agbọ̀n yín. Ìyàwó aláàdìrẹ, sún mọ́bí kó o tó lọ. Wo imú náà dáadáa. Ṣó yẹ mí?